Ṣọ́ọ̀ṣì Kilpeck, Tí Àìlówó Dá Sí

Ẹni tó bá ń dáná lọ́wọ́, kó jẹ́ kí rédíò sún mọ́ ààrò díẹ̀, ọ̀nà tí a fẹ́ rìn lálẹ́ òní jìn.

Bí a bá ní ká sọ̀rọ̀ nípa ilé ìjọsìn àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Westminster tí wọ́n ti ń dé ọba ládé ni ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ lọ, tàbí Canterbury tó jẹ́ ìjókòó bíṣọ́ọ̀bù àgbà. Mo fi àwọn yẹn sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Wọ́n lówó, wọ́n lórúkọ, àwọn tó ń ròyìn wọn ò sì lóǹkà. Abúlé ni mo fẹ́ mú yín lọ. Kilpeck ni wọ́n ń pè é, ó wà ní Herefordshire, bíi máìlì 9 sí ìlú Hereford, níbi tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán tí ilẹ̀ Wales ń bẹ̀rẹ̀. Ilé ibẹ̀ ò pọ̀, oko àti pápá ló yí i ká. Ní nǹkan bí ọdún 1140, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan síbẹ̀, òkúta oníyanrìn pupa tí wọ́n ń wà lágbègbè náà ni wọ́n fi mọ ọ́n. Kò ga, kò gùn, kò fẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sínú mọ́tò lè kọjá lára rẹ̀ kó má yíjú. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọyì iṣẹ́ ọnà òkúta kì í kọjá bẹ́ẹ̀. Òkèèrè ni wọ́n ti ń wá wò ó.

Ìdí tí mo fi yàn án ni pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n kọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àwọn ará Normandy. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni wọ́n ti wó, tàbí tí wọ́n ti tún ṣe títí ojú rẹ̀ fi yí padà. Báwo ló ṣe wá jẹ́ pé ti abúlé tí kò rọ́wọ́ mú yìí ni iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣì ń dán?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ tó jókòó lé. Ergyng ni àwọn ará Wales ń pe agbègbè yìí, Archenfield ni ti Gẹ̀ẹ́sì. Àṣà Wales ni wọ́n ń tẹ̀ lé níbẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1066, William ará Normandy la òkun kọjá, ó pa Ọba Harold lójú ogun ní Hastings, ó gba ìlú, ó sì pín ilẹ̀ fún àwọn jagunjagun tó bá a wá. Ní òpin ọdún 1085, ó ní kí wọ́n ka gbogbo ohun tí òun jẹ gàba lé: ta ló ni ilẹ̀ wo, ohun èlò ìtúlẹ̀ mélòó ló wà níbẹ̀, ẹrú mélòó, ọlọ mélòó. Àkọsílẹ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní Ìwé Domesday. Kilpeck wà nínú rẹ̀, orúkọ onílẹ̀ tó wà níbẹ̀ ni William ọmọ Norman. Ìwé yìí kan náà sọ pé ọba ní ṣọ́ọ̀ṣì 3 ní Archenfield, pé àwọn àlùfáà ibẹ̀ ló máa ń jíṣẹ́ ọba fún àwọn ará Wales, àti pé olúkúlùkù wọn gbọ́dọ̀ kọ Máàsì 2 lọ́sẹ̀ fún ọba. Àlùfáà ni, ikọ̀ ọba ni. Ẹni tó bá gbé ní ẹnu ààlà yóò mọ̀ pé kò sí ohun ìyanu níbẹ̀: ta ló tún gbọ́ èdè méjèèjì, tí ẹnikẹ́ni ò ní í fọwọ́ kàn?

William ọmọ Norman ní kí wọ́n mọ òkìtì gàgàrà kan, wọ́n kọ́ ilé olódi sórí rẹ̀ láti máa fi ṣọ́ àwọn tí wọ́n ṣẹ́gun. Ẹ̀gbẹ́ òkìtì náà gan-an ni ṣọ́ọ̀ṣì wà, èèyàn lè ju òkúta láti ibì kan dé ìkejì. Hugh ọmọ rẹ̀ ló jogún ibẹ̀. Nígbà tó di 1134, Hugh fi ṣọ́ọ̀ṣì Kilpeck ta àwọn mọ́ńkì Pétérù Mímọ́ ti Gloucester lọ́rẹ. Sáà yẹn náà ni ilé tí à ń sọ yìí bọ́ sí. Màríà àti Dáfídì ni wọ́n fi orúkọ wọn pè é. Dáfídì yìí kì í ṣe ọba Ísírẹ́lì o, ẹni mímọ́ àwọn ará Wales ni. Ajagungbalẹ̀ ló yọwó, ẹni mímọ́ àwọn tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn ló sì ni orúkọ.

Yàrá mẹ́ta ni ilé náà, wọ́n tẹ̀léra láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Èyí tó fẹ̀ jù ni ti ìjọ. Ìkejì há sí i, ti àlùfáà àti àwọn tó ń bá a gbé orin nìyẹn. Ìkẹta ni ibi pẹpẹ, ògiri rẹ̀ ṣe róbótó lẹ́yìn, àjà rẹ̀ sì jẹ́ òkúta. Bí èèyàn bá dúró lẹ́yìn, ojú rẹ̀ yóò máa ti inú àyè tó gbòòrò lọ sí èyí tó há, títí yóò fi gúnlẹ̀ sórí pẹpẹ. Ẹ̀yin ọmọ ìjọ Áńgílíkà á ti máa mi orí báyìí, torí bí ilé ìjọsìn tiyín náà ṣe tò nìyẹn: ìjọ nísàlẹ̀, ẹgbẹ́ akọrin níwájú wọn, àtẹ̀gùn díẹ̀, kó tó wá kan pẹpẹ.

Ohun tó yàtọ̀ ni pé kò sí bẹ́ńṣì. Ìdúró ni ìjọ wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yàtọ̀ sí ìgbà tí wọ́n bá kúnlẹ̀. Bẹ́ńṣì fún ìjọ ò wọ́pọ̀ ní abúlé Gẹ̀ẹ́sì títí di bí ọ̀rúndún 15. Èdè Látìnì ni àlùfáà sì fi ń ṣe ìsìn. Àgbẹ̀ Kilpeck tó wá síbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú ò gbọ́ Látìnì, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀wé kà. Ojú ló fi ń gbọ́ ìwàásù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kun ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ayé ìgbà náà, tí wọ́n ń ya ọ̀run àti iná àjóòkú sí i. Òfin àtúnṣe ilé náà ṣe kedere: ìjọ ló ni gbèsè yàrá ti ìjọ, ẹni tó ń gba ìdámẹ́wàá ló ni gbèsè yàrá ti àlùfáà. Èyí bá mi lára mu. Ẹni tó ń jẹ owó, kó fi díẹ̀ bo òrùlé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ẹnu ọ̀nà. Ìhà gúúsù ló wà. Òkè àtẹ́rígbà, òkúta kan wà tó rí bí ààbọ̀ òṣùpá. Igi kan ni wọ́n gbẹ́ sí i, ó hù láti ìsàlẹ̀, ó ya ẹ̀ka sọ́tùn-ún sósì, èso bí àjàrà so lára rẹ̀. Igi Ìyè ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó jẹ́. Òkúta tó tẹ̀ yí i ká lókè wà ní ìpele ìpele. Wọ́n gbẹ́ ìlà wọ́gọwọ̀gọ sára ọ̀kan, wọ́n gbẹ́ orí ẹranko tó lẹ́nu ṣóńṣó bí ẹyẹ sára èkejì. Ti ìta pátápátá ló ní àwọn òbìrí kéékèèké tí ẹyẹ wà nínú wọn, tí ẹja wà, tí ẹranko tí kò sí nígbó kankan wà. Ojú kan tó ranjú ló so òbìrí kan mọ́ òmíràn.

Ẹ wá wo àwọn òpó. Lápá òsì, ọmọ ogun méjì wà, ọ̀kan lókè èkejì. Wọ́n wọ ṣòkòtò, wọ́n dé fìlà, aṣọ wọn ní ìlà ìlà, ìtàkùn sì lọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ débi pé ẹ ò ní í mọ̀ bóyá wọ́n ń jà fún un ni àbí wọ́n ń bá a jà. Lápá ọ̀tún, ewé àti ìtàkùn ló gorí òpó, ẹyẹlé méjì dojú kọra nísàlẹ̀. Ní orí òpó òsì, kìnnìún àti dírágónì ń wo ara wọn níkà. Ní orí ti ọ̀tún, ojú èèyàn kan la ẹnu, ewé ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ní ìta pátápátá ni àwọn ejò wà, ọ̀kan gbé ìrù èkejì mì, wọ́n wà láti òkè dé ilẹ̀.

Àwọn kan wà tó ní ìtumọ̀ fún ohun gbogbo níbẹ̀: ejò ni ẹ̀ṣẹ̀, ẹyẹlé ni àlàáfíà, ọmọ ogun ni ọkàn tó ń bá ìdẹwò jà. Bóyá wọ́n rí i sọ. Èmi ò fara mọ́ ọn tán. Agbẹ́-òkúta tó mọwọ́ rẹ̀ dáadáa máa ń fi òmíràn dá ara rẹ̀ lára yá, kò sì sí àlùfáà tó lè dúró tì í láti àárọ̀ dé alẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń ṣiyèméjì, kó gbójú sókè wo abẹ́ etí òrùlé. Òkúta kéékèèké yọrí jáde yíká ilé náà láti gbé òrùlé ró, 85 ló kù nínú wọn. Wọ́n gbẹ́ orí tàbí ẹ̀dá kan sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹlẹ́dẹ̀ wà, àgbò wà, ẹni tó ń ta ohun èlò orin bíi gòjé wà. Ajá àti ehoro kan jókòó pa pọ̀ sórí òkúta kan ṣoṣo, etí ajá wọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ kún fún àánú. Àfi bíi pé ẹni tó ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ fún ìwé ìròyìn òde òní ló ṣe é. Ọ̀dọ́ Àgùntàn Ọlọ́run náà wà níbẹ̀, ó gbé àgbélébùú, ṣùgbọ́n ká má parọ́, ẹṣin ló jọ. Ohun tó sì wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹ̀yin òbí tọ́mọ yín wà nítòsí, ẹ má bínú, ẹ̀kọ́ ni. Lára àwọn òkúta yìí, obìnrin kan wà, orí rẹ̀ tóbi, ojú rẹ̀ fẹ̀ rọ̀gọ̀dọ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì ya ojú ara rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Lára ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wí o. Sheela-na-gig ni wọ́n ń pe irú ère bẹ́ẹ̀, ó wà káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland, ti Kilpeck yìí sì ni ọ̀kan nínú èyí tó lókìkí jù. Àwọn kan ní ìkìlọ̀ ló jẹ́ fáwọn onífẹ̀ẹ́kúfẹ̀ẹ́. Àwọn mìíràn ní ẹ̀mí búburú ni wọ́n fi ń lé. Àwọn kan tún ní ọmọ bíbí ló wà fún. Bí wọ́n bá bi mí, màá ní èyí tó ń lé ẹ̀mí búburú ló sún mọ́ ọn jù, torí òde ògiri ló wà, tó ń wo ẹni tó ń bọ̀.

Ayàwòrán kan, George Robert Lewis, ló ya ilé náà tinú tòde, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ńlá kan ní 1842. Iṣẹ́ rẹ̀ péye, àwọn onímọ̀ ṣì ń lò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan obìnrin yìí, ojú ti ọkùnrin náà. Ó yí i padà di òmùgọ̀ kan tí àyà rẹ̀ là, ó ní ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn ni. Ẹ rí i pé òkúta ọ̀rúndún 12 láyà ju ìwé ọ̀rúndún 19 lọ.

Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, orí dírágónì nà jáde láti ara ògiri, ó la ẹnu, ahọ́n rẹ̀ ká. Àwọn onímọ̀ rí ọwọ́ àwọn Viking nínú rẹ̀, àwọn atukọ̀ tó ń gbẹ́ irú orí bẹ́ẹ̀ sára igi. Nínú ilé, ní ẹnu ọ̀nà yàrá àlùfáà, èèyàn mẹ́ta mẹ́ta dúró lórí ara wọn ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, Pétérù tó mú kọ́kọ́rọ́ dání wà lára wọn. Wọ́n tutù, wọ́n gún régé, kò sí àwàdà kankan lójú wọn. Irú ère tó to ara wọn báyìí wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Santiago nílẹ̀ Sípéènì, ọ̀nà rẹ̀ jìn gan-an sí Kilpeck.

Báwo ni irú ère bẹ́ẹ̀ ṣe dé Kilpeck? Wọn ò kọ orúkọ àwọn agbẹ́-òkúta náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn hàn níbi púpọ̀ ní Herefordshire. Lára àwo ìrìbọmi òkúta tó wà ní Eardisley, ọmọ ogun méjì ń jà nínú irú aṣọ onílà kan náà. Òmíràn wà ní Castle Frome. Ní Shobdon, ìríjú ìjòyè Hugh Mortimer, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Oliver de Merlimond, kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan láàárín sáà yẹn. Oliver rin ìrìn àjò mímọ́ lọ sí Santiago, ó gba ilẹ̀ Faransé kọjá, ó sì padà wálé. Àwọn onímọ̀ gbà pé ohun tí wọ́n rí lójú ọ̀nà yẹn ni agbẹ́-òkúta kan gbé sọ́kàn wá sí ẹnu ààlà Wales, tó pò ó mọ́ ti àwọn ará Viking àti ti àwọn baba ńlá rẹ̀.

Mo dárúkọ Shobdon torí òun ni yóò dáhùn ìbéèrè wa. Ní àárín ọ̀rúndún 18, Shobdon bọ́ sọ́wọ́ olówó. Ìdílé Bateman ló ni ilẹ̀ náà, wọ́n lówó, wọ́n fẹ́ràn àrà tuntun. Wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, wọ́n kọ́ tuntun tó funfun báláú. Wọn ò kúkú da àwọn ẹnu ọ̀nà àtijọ́ nù. Wọ́n kó wọn lọ sórí òkè kan nínú pápá wọn, wọ́n tò wọ́n síbẹ̀ fún àṣehàn, láìsí òrùlé. Òjò ń pa wọ́n, yìnyín ń bọ́ lé wọn, òkúta oníyanrìn sì rọ̀. Ẹni tó bá lọ wò wọ́n lónìí, díẹ̀ ló máa rí ka lára wọn. Ọwọ́ kan náà ló ṣe ti Shobdon àti ti Kilpeck. Owó ló ba ọ̀kan jẹ́, àìlówó ló dá èkejì sí.

Ibòmíràn náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ní Lavenham, ní Suffolk, àwọn oníṣòwò aṣọ onírun àgùntàn là rẹpẹtẹ ní òpin ọ̀rúndún 15. Ìdílé Spring tó ń ta aṣọ náwó nára, wọ́n tún ṣọ́ọ̀ṣì wọn kọ́, ilé agogo rẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 141. Ó rẹwà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ibo ni ti àtijọ́ wà? Kilpeck ò ní oníṣòwò aṣọ. Ilé olódi ibẹ̀ ti Ọba John dé sí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ di àlàpà, ògiri fọ́nká díẹ̀ ló kù lórí òkìtì náà. Ibi tí ilé àwọn ará abúlé wà láyé àtijọ́ ti di ebè koríko nínú pápá. Ta ni yóò wá sọ pé ṣọ́ọ̀ṣì kéré jù, ká fi kún un?

Ìjì kan wà tó yẹ kó gbé e lọ. Ní 1547, ìjọba Ọba Edward Kẹfà pàṣẹ pé kí wọ́n kó ère kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì fi ẹfun kun ògiri bo àwọn àwòrán. Èyí tí wọ́n bò yẹn kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló kú. Ní Wenhaston, ní Suffolk, ní 1892, wọ́n yọ àwọn pákó kan tí ẹfun bò, wọ́n kó wọn sí àgbàlá, òjò rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹfun ti ṣàn lọ, ọjọ́ ìdájọ́ ló wà lára pákó: Kristi lórí òṣùmàrè, àwọn òkú tó ń jí, Èṣù tó ń kó tirẹ̀. Àánú òjò ló yọ wọ́n, òjò tó jẹ Shobdon tán. Ní ti Kilpeck, èrò tèmi ni pé àwọn tó ń wá ère ẹni mímọ́ tí wọ́n máa fọ́ ò rí nǹkan ṣe sí ajá àti ehoro. Ta ló ń forí balẹ̀ fún ehoro?

Ní ọ̀rúndún 19, wọ́n tún ilé náà ṣe. Ilé agogo kékeré tó wà lórí òrùlé, iṣẹ́ ayé Ọbabìnrin Victoria ni. Wọn ò wó nǹkan tó ṣe pàtàkì. Kì í ṣe mùsíọ́mù bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ìjọ ń jọ́sìn níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa láti ìlú ọba, ọkọ̀ ojú irin ń ti Paddington lọ sí Hereford, ẹ ó wá wọ mọ́tò láti ibẹ̀. Bí ẹ bá bá wọn lẹ́nu ìsìn, ẹ jókòó, ẹ bá wọn sìn, kẹ́ ẹ tó yọ fóònù.

Ọdún 1842 tí ìwé Lewis jáde náà ni àwọn míṣọ́nnárì Thomas Birch Freeman àti Henry Townsend gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ilé ìjọsìn tí iṣẹ́ wọn bí nílẹ̀ wa ti ń gbó báyìí, owó sì ti ń wọlé fún ìjọ. Mo mọ̀ pé ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ wà níbi púpọ̀ tó ń gbèrò láti wó ti àtijọ́ kí wọ́n gbé tuntun dìde. Mi ò ní kẹ́ ẹ má kọ́lé. Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin bàbá ìjọ àti ìyá ìjọ ni pé kẹ́ ẹ pe ẹni tó mọ fọ́tò yà kí kàtàpílà tó dé. Ẹ ya ilẹ̀kùn, ẹ ya fèrèsé, ẹ ya òkúta ìpìlẹ̀ tí wọ́n kọ ọdún sí lára. Ẹ wọn gígùn àti ìbú ilé náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí àgbà kan bá ṣì wà tó mọ orúkọ bíríkìlà àti gbẹ́nàgbẹ́nà tó ṣe é, ẹ kọ orúkọ wọn mọ́ ọn, kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́ sí ọ́fíìsì ìjọ, kẹ́ ẹ sì fi òmíràn ránṣẹ́ sí ilé ìkàwé tó bá sún mọ́ yín.